Iye Ìgbà tí Sẹ́ẹ̀lì Orírun Ẹ̀jẹ̀ Ń Pín: Ìtàn Ìṣirò Ohun tí Ojú Kò Tó

Ìbéèrè kan wà nínú ìmọ̀ nípa ara ènìyàn tí ó rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n tí ìdáhùn rẹ̀ gba àwọn onímọ̀ ní àádọ́ta ọdún gbáko. Ìbéèrè náà ni èyí: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú mùdùnmúdùn eegun wa, tí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ti ń ṣẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń pín sí méjì láàárín ọdún kan? Kò sí ẹni tí ó fojú ara rẹ̀ rí ìpín yìí rí nínú ara ènìyàn tí ó wà láàyè. A kò lè la eegun alààyè sílẹ̀ kí a jókòó tì í fún ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fún ènìyàn ní àwọn oògùn tí a fi ń sàmì sí sẹ́ẹ̀lì èkúté. Síbẹ̀, iye kan wà nínú ìwé lónìí. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpasẹ̀ bí iye náà ṣe wáyé, kí a sì fi hàn pé kì í ṣe ohun tí a kà bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Ohun tí a fi àfarawé wá rí ni, ó sì gbára lé àwọn ohun mìíràn tí a ti kọ́kọ́ gbà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ méjì tí a ó máa lò. ‘Sẹ́ẹ̀lì orírun’ ni a pe sẹ́ẹ̀lì tí ó ń bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ẹlòmíràn lè fẹ́ láti pè é ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé kì í bímọ. Ojú kan ni ó máa ń wà tí a ó fi kọ́lé lé e lórí. Orírun ní tirẹ̀ ni ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀, èyí sì bá ìṣe sẹ́ẹ̀lì yìí mu jù. ‘Àfarawé’ ni a lò fún iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí a bá ní kí ó máa ṣe bí ohun kan ṣe ń ṣe ní ayé gidi, kí a lè wo ibi tí yóò já sí. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ yẹ̀yẹ́ díẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n a kò tíì rí èyí tí ó sàn jù ú lọ.

Ohun tí ó mú ìbéèrè náà ta kókó ni pé iṣẹ́ pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 120 lọ kí ó tó kú. Nítorí náà, ara àgbàlagbà ní láti ṣe tuntun tí ó tó nǹkan bí bílíọ̀nù 200 lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé àwọn sẹ́ẹ̀lì orírun kò ní ráyè mí. Òdìkejì ni ó rí. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni ó ń ṣe làálàá, tí wọ́n ń pín lemọ́lemọ́. Orírun fúnra rẹ̀ máa ń sinmi ni, bí ìyá àgbà tí gbogbo agbolé ń jẹ orúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í lọ sí oko mọ́. Nígbà tí ó bá sì tó àkókò láti ṣe nǹkan, ó lè pín kí ó bí irú ara rẹ̀, ó lè bọ́ sójú ọ̀nà iṣẹ́ kí ó di òbí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè kú.

Láti Toronto ní ilẹ̀ Kánádà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Lẹ́yìn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima àti Nagasaki ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó gbájú mọ́ ohun tí ìtànṣán ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀. James Till, onímọ̀ físíìsì, àti Ernest McCulloch, oníṣègùn, wà lára wọn. Wọ́n fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn inú èkúté, wọ́n sì fa mùdùnmúdùn láti ara èkúté mìíràn sí i lára. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n rí àwọn kókó kéékèèké nínú ẹ̀yà inú kan tí ó wà lábẹ́ ìhà òsì, èyí tí ẹ̀jẹ̀ máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí iye sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà sí i bá ṣe pọ̀ tó ni kókó náà ń pọ̀ tó. Wọ́n tẹ ìròyìn èyí jáde ní 1961. Ní 1963, àwọn àti Andrew Becker lo àmì tí ìtànṣán dá sára kúrómósóòmù láti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó ń bí kókó kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá jù lọ wáyé ní 1964. Till, McCulloch àti Louis Siminovitch tú àwọn kókó náà ká, wọ́n sì wo iye sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó tún lè bí kókó tuntun. Iye náà kò dọ́gba rárá: nínú àwọn kan, agbára káká ni a fi rí ẹyọ kan; nínú àwọn mìíràn, wọ́n pọ̀ jaburata. Bí ó bá jẹ́ pé òfin líle kan ni ó ń darí sẹ́ẹ̀lì, iye wọn ì bá sún mọ́ ara wọn. Wọ́n wá dábàá pé àkọsẹ̀bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì dà bí ẹni tí ń ju kọ́bọ̀ sókè: bí ó bá bọ́ sí ojú kan, a bí irú rẹ̀, bí ó bá bọ́ sí ojú kejì, ó lọ sójú iṣẹ́, kò sì ní bí orírun mọ́. Wọ́n ṣe àfarawé ìjùsókè yìí lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, àìdọ́gba tí ó jáde sì jọ ti inú èkúté.

Ọ̀nà tí wọ́n lò ni a ń pè ní Monte Carlo, orúkọ ibi ìtatẹ́tẹ́ tí ó lókìkí ní Monaco. Ní 1946, Stanislaw Ulam, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Pólándì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ń gbádùn bọ̀ láti inú àìsàn, ó sì ń dá káàdì ta. Ó bi ara rẹ̀ pé, nínú ìgbà mélòó ni káàdì náà yóò jáde dáradára? Ìṣirò rẹ̀ le. Ó wá rí i pé ó rọrùn jù láti ta á ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, kí a sì ka iye ìgbà tí ó jáde. Òun àti John von Neumann gbé èrò náà lọ sórí kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ bọ́ǹbù. Ó yẹ kí a sọ níhìn-ín pé ẹni tí ó bá ń fi èyí wé Ifá ń ṣìnà. Babaláwo tí ó ń fi ikin dá Ifá kò gbà pé àkọsẹ̀bá ni odù tí ó jáde. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ni a rán an. Nínú Monte Carlo, èsì kan ṣoṣo kò jẹ́ iṣẹ́ kankan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èsì tí a kó jọ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Àfarawé nìkan kò tó. Ó gbọdọ̀ rí ohun gidi kan tí a ó fi wé. A lè fi ìtànṣán sàmì sí sẹ́ẹ̀lì èkúté, ènìyàn ńkọ́? Ní ọdún 1961 kan náà, Mary Lyon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo àwọ̀ irun èkúté, ó sì ṣàlàyé ohun kan tí ó kan gbogbo obìnrin. Obìnrin ní kúrómósóòmù X méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ṣùgbọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́. Inú oyún ni a ti ń yan èyí tí yóò ṣiṣẹ́, àkọsẹ̀bá sì ni yíyàn náà. Gbogbo ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì náà bá bí lẹ́yìn náà yóò máa tẹ̀ lé e. Ara obìnrin tipa bẹ́ẹ̀ dà bí aṣọ òfì tí a fi òwú aláwọ̀ méjì hun.

Ẹ́ńsáìmù kan tí a ń pè ní G6PD, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lórí kúrómósóòmù X, ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a fojú rí àwọ̀ méjèèjì náà nínú ènìyàn. Oríṣi A àti oríṣi B rẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà. Obìnrin tí ó jogún A láti ọ̀dọ̀ òbí kan àti B láti ọ̀dọ̀ èkejì ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì. Ní Seattle, Linder àti Gartler lo èyí ní 1965 láti fi hàn pé kókó tí ó máa ń hù sínú ilé-ọmọ, sẹ́ẹ̀lì kan ni ó ń bí i. Ní 1967, Philip Fialkow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bákan náà ni irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ó mú kí ìmọ̀ yìí ṣeé ṣe, nítorí pé oríṣi A ṣọ̀wọ́n gidigidi láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn tí ń kọ ìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ìyẹn.

Ìbàdàn náà ní ipa tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lucio Luzzatto, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, wà ní Yunifásítì Ìbàdàn láti 1964 títí di 1974. Ní 1969, òun pẹ̀lú Usanga àti Reddy ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọdébìnrin tí ibà ń ṣe, tí díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa wọn ní G6PD tí ó tó, tí ìyókù kò sì ní in tó. Wọ́n ka kòkòrò ibà nínú oríṣi méjèèjì. Wọ́n rí i pé ó pọ̀ nínú èyí tí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ pé ju èyí tí kò pé lọ ní ìlọ́po 2 sí ìlọ́po 80. Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì orírun ni wọ́n ń wá ní Ìbàdàn, a kò sì gbọdọ̀ sọ iṣẹ́ wọn di ohun tí kì í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tí a rí oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ máíkírósíkóòpù, tí a sì lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: irú ẹ̀rí yìí gan-an ni ìyókù ìtàn wa dúró lé.

Láti ibẹ̀, a padà sí Seattle, sọ́dọ̀ Janis Abkowitz. Ológbò ni obìnrin yìí lò. Bí a bá mú ológbò ilé gun ológbò igbó kan tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá, tí wọ́n ń pè ní ológbò Geoffroy, G6PD àwọn òbí méjèèjì yàtọ̀ síra, àwọn abo ọmọ tí wọ́n bá bí yóò sì ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì. Abkowitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba mùdùnmúdùn díẹ̀ lára ológbò bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ìtànṣán pa ìyókù, wọ́n sì dá ìwọ̀nba tí wọ́n gbà padà sí i lára. Fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpín oríṣi méjèèjì nínú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá dúró sójú kan. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1996, Abkowitz, Sandra Catlin àti Peter Guttorp fi àfarawé hàn pé a kò nílò òfin ìkọ̀kọ̀ kankan láti ṣàlàyé èyí. Àkọsẹ̀bá tí àwọn ará Toronto dábàá tó. Wọ́n tún rí iye kan nínú rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì orírun ológbò ń pín lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 10. Ní 2000, wọ́n rí ti èkúté: ọ̀sẹ̀ 2 ààbọ̀.

Ní 2002, wọ́n sọ ohun kan tí ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Nínú ìṣirò wọn, iye sẹ́ẹ̀lì orírun tí ó wà nínú èkúté kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti inú ológbò kan dọ́gba, nǹkan bí 11,000 sí 22,000. Bẹ́ẹ̀ sì ni, iye sẹ́ẹ̀lì pupa tí èkúté ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò ju èyí tí ènìyàn ń ṣe ní ọjọ́ kan lọ. Wọ́n wá ronú pé bóyá gbogbo ẹranko tí ń fọ́mọ lọ́mú ni iye yìí kàn, àti ènìyàn pẹ̀lú. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ti ènìyàn ni ó pẹ́ jù. Ní 2004, wọ́n lo tẹ́lómíà, ìyẹn ṣóńṣó ìparí kúrómósóòmù, tí ó máa ń gé kúrú díẹ̀ nígbàkígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín. Ọ̀sẹ̀ 45 ni ó jáde. Ní 2011, Catlin, Busque, Gale, Guttorp àti Abkowitz wá lo ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀ síra. Àmì tí ó wà lórí X, tí ó yàtọ̀ nínú ọ̀pọ̀ obìnrin láìka ẹ̀yà sí, ti rọ́pò G6PD nígbà náà. Nínú àwọn ọmọdébìnrin, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń lo X ti ìyá àti èyí tí ó ń lo X ti bàbá kì í jìnnà sí ìdajì-ìdajì. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni ìwọ̀n náà ń wọ́ sápá kan. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí gan-an ni wọ́n fi ka ọdún. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà dá àwọn obìnrin àfarawé, kí ó jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì orírun wọn máa pín, kí ó máa lọ sójú iṣẹ́, kí ó sì máa kú bí àkọsẹ̀bá ṣe gbé e kalẹ̀. Wọ́n ń yí ìyára ìpín náà padà títí tí àìdọ́gba inú àwọn obìnrin àfarawé fi jọ ti àwọn obìnrin gidi. Ìyára tí ó bá a mu ni ìpín kan ní ọ̀sẹ̀ 40, láàárín ọ̀sẹ̀ 25 sí 50. Àwọn kan yóò rántí pé ọ̀sẹ̀ 40 náà ni a ń ka fún oyún. Kòńgẹ́ lásán ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹ jẹ́ kí a ro agbolé méjì. Ènìyàn mẹ́wàá ni ó wà nínú ọ̀kan, ẹgbàárùn-ún ni ó wà nínú èkejì. Nínú méjèèjì, ìdajì jẹ́ ìran Ọ̀pómúléró, ìdajì jẹ́ ìran Oníkòyí. Bí ìbí àti ikú bá jẹ́ ti àkọsẹ̀bá, láàárín ìran mélòó kan, agbolé kékeré lè ṣàì ní Oníkòyí kankan mọ́, nígbà tí ìwọ̀n ti agbolé ńlá kò ní tíì yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará agbolé ńlá bá ń bímọ ní ìyára tí ó pọ̀ gan-an ju ti kékeré lọ, tiwọn náà yóò yẹ̀ bákan náà. Àlejò tí ó bá wọlé, tí ó rí kìkì pé ìwọ̀n ti yẹ̀, kò lè mọ̀ bóyá ènìyàn díẹ̀ tí ń fara balẹ̀ bímọ ni ó wà níbẹ̀ ni, tàbí ènìyàn púpọ̀ tí ń yára. Bẹ́ẹ̀ ni iye sẹ́ẹ̀lì orírun àti ìyára ìpín wọn ṣe so mọ́ ara wọn. Ẹni tí yóò sọ èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun kan nípa àkọ́kọ́. Àwọn oníṣẹ́ ti 2011 mọ èyí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi wá ẹ̀rí láti ọ̀nà méjì mìíràn, tí wọ́n sì fi àfarawé wọn wé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí a fún ní mùdùnmúdùn ẹlòmíràn. Nínú èrò tiwa, ìṣọ́ra yìí ni ó gbé iṣẹ́ náà ga ju iye 40 fúnra rẹ̀ lọ.

Ní 2018, Henry Lee-Six, Peter Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cambridge gba ọ̀nà mìíràn yọ. Wọ́n ka gbogbo DNA inú ìdílé sẹ́ẹ̀lì 140 tí wọ́n tọ́ láti ara ọkùnrin kan ṣoṣo, ẹni ọdún 59. Sẹ́ẹ̀lì kì í da DNA rẹ̀ kọ láìṣe àṣìkọ díẹ̀, ọmọ a sì jogún àṣìkọ ìyá. Àṣìkọ 129,582 ni wọ́n rí, wọ́n sì fi wọ́n ya igi ìdílé bí akọ̀tàn ṣe ń fi oríkì tọ ìran. Wọ́n wá ṣe àfarawé igi bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láti wo èyí tí ó jọ ti gidi. Iye sẹ́ẹ̀lì orírun tí ó jáde jẹ́ 50,000 sí 200,000, èyí tí ó jìnnà sí 11,000. Àárín ìpín kan sí èkejì, ní ti ìpín tí ń bí orírun méjì, sì jẹ́ oṣù 2 sí 20. Ọ̀sẹ̀ 40 bọ́ sáàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ẹnu rẹ̀ ti gbòòrò tó. Tọkọtaya tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni, iye àti ìyára, tí wọn kò fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀.

Àkọsẹ̀bá pàápàá ti ní alátakò. Ní 2012, Busque kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé díẹ̀ lára àwọn arúgbó obìnrin tí ìwọ̀n X wọn ti wọ́ sápá kan ní àṣìkọ nínú àkọsílẹ̀ tí a ń pè ní TET2, èyí tí ó ń ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti borí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2022, àwọn ará Cambridge ka DNA 3,579 láti ara ènìyàn mẹ́wàá, láti ọmọ titun dé ẹni ọdún 81. Nínú àwọn tí ó ju ọdún 75 lọ, ìdílé sẹ́ẹ̀lì 12 sí 18 péré ni ó ń ṣe ìdá 30 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ wọn. Àfarawé tí ó gbára lé àkọsẹ̀bá nìkan kò lè ṣe irú èyí. Ó gbọdọ̀ jẹ́ pé àwọn ìdílé kan lágbára jù. Bí apá kan nínú àkísà àwọn àgbà bá jẹ́ ti ìjàkadì, tí kì í ṣe ti àkọsẹ̀bá, a jẹ́ pé aago tí a fi ka ọ̀sẹ̀ 40 ń yára díẹ̀ ní ọjọ́ ogbó.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan ni èyí. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n gbìyànjú láti fi fáírọ́ọ̀sì gbé àkọsílẹ̀ tuntun wọ inú sẹ́ẹ̀lì orírun láti wo àrùn ẹ̀jẹ̀ sàn. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n lò kì í lè wọlé àyàfi nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín. Ó ṣiṣẹ́ dáradára nínú èkúté, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń pín ní ọ̀sẹ̀ 2 ààbọ̀. Nínú ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì tí ó gbà á kò tó nǹkan, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù ń sùn. Wọ́n ní láti wá irú fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí kì í dúró de ìpín. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀kan lára ìtọ́jú méjì fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ọdún 15 ni a gbọdọ̀ fi máa ṣọ́ àwọn tí ó gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ 40 bá tọ̀nà, sẹ́ẹ̀lì orírun wọn yóò ti pín ní nǹkan bí ogún ìgbà kí ọdún náà tó pé. Nínú èkúté, ogún ìpín kò gbà ju ọ̀sẹ̀ 50 lọ.